Oògùn Tí Kò Jẹ́, Ewé Rẹ̀ Ni Ó Kù Kan

 

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni ó kù kan. Nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé onísègùn lè gbàgbé ewé kan, tàbí kí ẹni tí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ má fi gbogbo rẹ̀ hàn án. Ní òde òní, ìtumọ̀ mìíràn ti wọ inú òwe náà. Ewé náà kò kù nítorí ìgbàgbé mọ́. Ó kù nítorí pé igi rẹ̀ kò sí nínú igbó mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí nìyẹn. Àwọn igi tí ó ń tọ́jú wa ti ń di àwátì, bí a kò bá sì dáàbò bò wọ́n, ìlera wa ni yóò faragbá a.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, kí ni ó kàn yín nínú ọ̀rọ̀ igi? Ṣé kì í ṣe abẹ́rẹ́ àti oògùn oníhóró ni iṣẹ́ tiyín?" Ìbéèrè náà dára. Ìdáhùn mi ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń wá sí dísípẹ́ńsárì wa ní Òkè-Ìmẹ̀sí ni ó ti mu àgbo ní ilé kí wọ́n tó gbéra. Ohun tí ó wà nínú ìkòkò àgbo náà ti wà nínú ara wọn nígbà tí mo fi ọwọ́ kàn wọ́n. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ igi kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Èkejì ni pé díẹ̀ nínú àwọn oògùn òyìnbó tí a tò sórí pẹpẹ pàápàá, ara igi àti ewéko ni wọ́n ti wá.

KÚNÍÌNÌ, ỌMỌ ÈÈPO IGI

Ẹ wo kúníìnì. Ní ilẹ̀ Peru, ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, igi kan wà tí wọ́n ń pè ní sìnkónà. Èèpo igi yìí ni wọ́n ń gún tí wọ́n fi ń wo ibà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ní ọdún 1820, àwọn ọmọ Faransé méjì kan, Pelletier àti Caventou, yọ agbára inú èèpo náà sọ́tọ̀, wọ́n sì pè é ní kúníìnì. Bí àwọn òbí wa àgbà ṣe mọ kíkorò rẹ̀ lẹ́nu nìyẹn.

Oògùn ibà tí a ń lò lónìí kò yàtọ̀ sí èyí. Láti ọdún 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi oògùn tí a ń pè ní ACT rọ́pò kòlòrókúìn, nítorí pé kòlòrókúìn kò ran kòkòrò ibà mọ́ dáadáa. Inú ewéko kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti rí ìpìlẹ̀ ACT yìí. Obìnrin tí ó ṣe wàhálà rẹ̀, Tu Youyou, gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Inú ìwé ìṣègùn àtijọ́ ti ilẹ̀ wọn ni ó ti rí ọ̀nà tí ó tọ̀.

Ẹ bá mi rò ó wò. Bí wọ́n bá ti bó gbogbo sìnkónà kú kí ọdún 1820 tó dé, ta ni ìbá mọ ohun tí ayé pàdánù? Kò sí ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ oògùn tí a kò tíì rí. Nínú àwọn igi tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè wa, láti Òkè-Ìmẹ̀sí dé Ẹ̀fọ̀n, èwo ni a lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò ní ohun tí ọmọ wa yóò nílò lọ́la?

ÀWỌN IGI TÍ Ó WÀ NÍNÚ EWU

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ohun abẹ̀mí tí ó ń run, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IUCN, gbé àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Wọ́n ti yẹ irú igi tí ó lé ní 47,000 wò káàkiri ayé. Nínú wọn, èyí tí ó lé ní 16,000 ni ó wà nínú ewu pé yóò run tán. Ìyẹn ni pé bí a bá ka irú igi mẹ́ta, ó ju ọ̀kan lọ tí ó ń lọ. Ẹ má sì rò pé igi ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń sọ. Èyí tí a mọ̀ ní ilé wa wà níbẹ̀.

Ọ̀gànwó wà níbẹ̀. Igi yìí ni òyìnbó ń pè ní mahogany, tí wọ́n fi ń ṣe àga àti ibùsùn olówó iyebíye. Èèpo rẹ̀ ni àwọn ìyá wa máa ń fi sí àgbo ibà. Ọ̀tá méjì ni ó ní: oníṣòwò pákó ń gé èyí tí ó tóbi, ẹni tí ń tà èèpo sì ń bó èyí tí ó ṣẹ́kù.

Orógbó wà níbẹ̀. Èwo ni nínú wa tí a kò fi orógbó wúre fún ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kí ó lè gbó, kí ó sì tọ́? Igi tí ó ń so èso yìí, IUCN ti kà á mọ́ àwọn igi tí ó wà nínú ewu. Kíká èso rẹ̀ kò pa á lára bí a bá fi díẹ̀ sílẹ̀ kí ó hù. Ohun tí ó ń pa á ni gígé tí wọ́n ń gé e fún orin, àti gbòǹgbò rẹ̀ tí wọ́n ń wà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í yára rọ́pò ara rẹ̀. Hóró orógbó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó hù, ọdún púpọ̀ sì ni yóò kọjá kí ó tó so.

Osùn náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ìyá tí ó ti kun ọmọ tuntun ní osùn mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé igi osùn wà lára ohun mẹ́rin tí ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, NIPRD, fi ṣe oògùn kan fún àìsàn síkù-sẹ́ẹ̀lì, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde. Ọmọ Yorùbá kan, Àlùfáà Ogunyale, ni ó fún wọn ní ìmọ̀ náà láti inú ìṣègùn ìdílé rẹ̀. Ní ọdún 2006 ni wọ́n gbé oògùn náà jáde. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ní ọdún 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣófowórà ti yunifásítì Ifẹ̀ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé omi gbòǹgbò orin àta lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ kọdọrọ nítorí àìsàn yìí padà sí bí ó ṣe yẹ kí ó rí nínú ìgò àyẹ̀wò. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi orin àta tàbí osùn rọ́pò ìtọ́jú dókítà o. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa wo inú igbó wa, wọ́n sì rí nǹkan. Bí igbó bá ti ṣófo, kí ni wọn yóò rí?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè ayé ṣe ìpàdé ní ilẹ̀ Panama lórí àdéhùn tí a ń pè ní CITES. Wọ́n fi ọ̀gànwó, apá àti gbogbo ìdílé igi osùn ti ilẹ̀ Áfíríkà sínú ìwé àwọn igi tí a kò gbọ́dọ̀ kó gẹdú tàbí pákó rẹ̀ lọ sí òkèèrè láìsí ìwé àṣẹ. Mo yọ̀ sí òfin yìí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: gẹdú àti pákó tí ń sọdá ẹnubodè ni ó ń sọ. Kò kan èèpo tí wọ́n kó sínú àpò tí a ń tà ní ọjà wa. Àwa fúnra wa ni ọ̀rọ̀ èèpo kù sí lọ́wọ́.

BÍ IGI ṢE Ń KÚ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá bó èèpo, igi yóò kàn hu òmíràn, bí irun orí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ewé ni ó ń se oúnjẹ igi. Lábẹ́ èèpo, awọ tútù kan wà tí oúnjẹ náà ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Bí a bá bó èèpo yíká, a ti gé ọ̀nà oúnjẹ. Gbòǹgbò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èyí tí ó ti fi pamọ́, nígbà tí ìyẹn bá sì tán, yóò kú. Ó dà bí ẹni tí ó fi okùn di ìka ọwọ́ pinpin: ìka náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Ohun tí ń tan ènìyàn jẹ ni pé ewé igi náà lè tutù fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti bó o. Ẹni tí ó bó o yóò kọjá, yóò ní, "Ẹ wò ó, kò ṣe é ní nǹkan." Kò mọ̀ pé òkú ni ó dúró.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò wa. Ní orí àwọn òkè ilẹ̀ Kamẹrúùnù, igi kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Prunus africana. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe oògùn fún àwọn àgbà ọkùnrin tí ìtọ̀ ń ṣòro fún, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó sì ń rà á ní ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù. Nítorí owó, àwọn kan bó igi yíká títí dé ẹ̀ka, àwọn mìíràn gé e lulẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 2007 àwọn ilẹ̀ Yúróòpù dá ríra èèpo láti ibẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ fi kọ́ wọn kò sì nira: kí wọ́n bó ẹ̀gbẹ́ méjì péré tí ó kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ méjì yòókù sílẹ̀, kí igi náà sì sinmi fún ọdún mélòó kan kí ọgbẹ́ rẹ̀ jinná.

ÈÈPO TÍ KÒ NÍ ORÚKỌ

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù jù lọ gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì.

Ní àtijọ́, ẹni tí ó fẹ́ se àgbo yóò lọ sí ìdí igi fúnra rẹ̀, tàbí kí ó rán ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Yóò rí ewé, yóò rí èso, yóò mọ̀ pé igi tí òun ń wá gan-an nìyí. Lónìí, ará ìgboro ń ra èèpo ní ọjà, ìbáà ṣe ní Bódè ní Ìbàdàn, ìbáà ṣe ní Adó, ìbáà ṣe lórí àtẹ ẹni tí ń kiri. Èèpo náà ti gbẹ, kò sì sí ewé lára rẹ̀. Nígbà tí igi gidi pọ̀ nínú igbó, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi tan ẹnìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí igi gidi bá di àwátì, tí owó rẹ̀ sì gun òkè, ẹni tí ń wá èèpo yóò bó èyí tí ó bá jọ ọ́. Bí wọ́n bá sì ti gún un di àgúnmu, kò sí ojú tí ó lè dá a mọ̀ mọ́.

Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí. Aláìsàn yóò dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ata rodo tàbí bí ọsàn, ìtọ̀ rẹ̀ ti dínkù, ó sì ń bì. N ó bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ti lò?" Yóò ní, "Àgbo ni, Màmá Nọ́ọ̀sì." Àgbo kí ni? "Èèpo igi ni." Igi wo? Kò mọ̀. Ẹni tí ó tà á fún un kò mọ̀. Ẹni tí ó kó o wá láti oko kò sí nítòsí. Báwo ni dókítà yóò ṣe wá ẹ̀rọ̀ ohun tí kò ní orúkọ? Nígbà tí igi kan bá run nínú igbó, ìdánilójú tí ó wà nínú ife àgbo ni ó bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀. N kò kórìíra àgbo, ṣùgbọ́n oògùn tí ó ní agbára láti ṣe ire ní agbára láti ṣe ibi bí a bá mu ún jù tàbí bí a bá ṣi igi mú. Bí ara ọmọdé bá gbóná, ẹ gbé e wá kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò; kò gba ìṣẹ́jú púpọ̀ láti mọ̀ bóyá ibà ni. Bí gìrì bá mú ọmọ, bí ojú bá pọ́n, bí ìtọ̀ bá dínkù, ẹ má ṣe dúró ti ìkòkò. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ mu èèpo igi kankan láìjẹ́ pé ó ti sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Bí ẹ bá sì ti mu nǹkan kí ẹ tó wá, ẹ sọ ọ́. A kò ní bú yín.

"IGBÓ ỌLỌ́RUN KÌ Í TÁN"

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé igbó Ọlọ́run kì í tán. Àwọn baba wa pàápàá kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀ ni, kí ni wọ́n fi ń ya igbó kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi àdá kàn? Yálà a bẹ̀rù òrìṣà inú igbó náà tàbí a kò bẹ̀rù rẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé igi tí ń so èso wà níbẹ̀ tí ń fún gbogbo àyíká ní irúgbìn. Nígbà tí ẹ̀rù kúrò, a kò fi òfin rọ́pò rẹ̀. Àlàfo yẹn ni igi wa ń ṣègbé sí.

Àwọn mìíràn yóò sì dá ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ fún ẹni tí ń bó èèpo. Èmi kò ní bá wọn dá a. Ọmọ ni ẹni yẹn fẹ́ bọ́. Ohun tí a bá ń rà ni yóò máa bó, bí a bá sì ṣe ń fẹ́ ẹ ni yóò ṣe máa bó o. Ọwọ́ àwa tí a ń rà á ní ìgboro ni agbára wà jù.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ẹ̀kíní, bí ẹ bá rí èèpo tí ó fẹ̀, tí wọ́n ká bí ẹní, ẹ mọ̀ pé igi tí wọ́n ti bó kú ni. Ẹ má rà á. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún ìyá eléwé-ọmọ tí ń tà á. Àwọn ìyá yìí gbọ́n, wọn yóò sì sọ fún ẹni tí ń kó o wá fún wọn.

Èkejì, ẹ má ra àgúnmu tí kò ní orúkọ. Ẹni tí kò lè fi ewé igi hàn yín, ẹ má mu èèpo rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ewé bá lè ṣe é, ẹ má béèrè gbòǹgbò. Ewé tí a já yóò tún hù. Gbòǹgbò tí a wà ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ gbin igi. Ọgbà ilé ìwé, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí tó fún orógbó kan tàbí ọ̀gànwó kan. Irúgbìn ọ̀gànwó kì í pẹ́ kí ó tó kú, nítorí náà ẹ tètè gbìn ín bí ó bá ti bọ́ sílẹ̀. Kòkòrò kan sì wà tí ó fẹ́ràn láti máa jẹ ọ̀mùnú rẹ̀, nítorí náà ẹ má gbin òun nìkan pọ̀ sí ojú kan. Ẹ pa á pọ̀ mọ́ igi mìíràn. Ilé Ìwádìí Igbó tí ó wà ní Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn láti ọdún 1954 mọ̀ nípa gbígbin igi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ dín èédú àti igi ìdáná kù níbi tí agbára yín bá gbé e. Igi líle bí apá àti ayìn ni wọ́n ń sun di èédú. Èéfín rẹ̀ sì ń wọ inú àyà ìyá àti ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, ènìyàn 3,200,000 ni èéfín inú ilé ṣe ikú pa ní gbogbo ayé. Bí gáàsì bá wọ́n, ẹ dáná ní ìta, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Èyí tí ó kẹ́yìn kan àwọn aláṣẹ wa. Mo bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì, mo bẹ ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Arámọkọ, mo sì bẹ àwọn ọba wa: ẹ ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bó igi yíká, ẹ sàmì sí ìyá igi tí ń so èso kí ẹnikẹ́ni má gé e, ẹ jẹ́ kí àwọn onísègùn ìbílẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera jókòó pọ̀ láti kọ orúkọ igi wa àti iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n tó lọ tán. Ẹ rántí pẹ̀lú pé igi tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè ni ó ń jẹ́ kí òjò rọra wọ ilẹ̀, kí ìsun omi má gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Níbi tí ìsun omi bá ti gbẹ, omi ìdọ̀tí ni ènìyàn yóò mu, àrunṣu àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun kò sì ní pẹ́ dé.

Ẹ̀yin ará ilé mi, ìwòsàn kan kò gbọ́dọ̀ gba ìwòsàn ẹlòmíràn. Èèpo tí ó wo ọmọ yín sàn lónìí, ẹ jẹ́ kí ó kù lára igi fún ọmọ aládùúgbò yín lọ́la, kí oògùn má baà kùnà nítorí ewé kan ṣoṣo tí àwa fúnra wa pa run.

Ìlera ni ọrọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.